Bí a Ṣe Ń Fi Kíbọ́ọ̀dù Mìíràn Tẹ Ohùn Inú Yamaha Motif Láti Orí Kọ̀ǹpútà

Ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ nílẹ̀ wa pé kí Yamaha Motif kan, kíbọ́ọ̀dù ńlá tó ní ohùn nínú ara rẹ̀, wà ní kọ̀rọ̀ tí aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn kíì rẹ̀ ló gbó. Òmíràn kì í dún mọ́ àfi tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, òmíràn sì ń pariwo bó ti wù kí ọwọ́ wa rọ̀ tó, nítorí pé eruku àti ọ̀rinrin ti wọ inú rọ́bà tí ń gba ìtẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ta irú Motif bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ti ta ohun tó níye lórí, torí pé dùùrù, fèrè, gòjé àti ohùn ègbè tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Apá tí ń gba ìtẹ̀ ọwọ́ yàtọ̀ sí apá tí ń dá ohùn jáde, èyí tí ń dá ohùn jáde kò sì nílò èkejì kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá rí kíbọ́ọ̀dù kékeré mìíràn tí kíì rẹ̀ dára, a lè gba inú kọ̀ǹpútà fi rán àṣẹ sí Motif náà, yóò sì dún bí ẹni pé orí kíì tirẹ̀ gan-an ni ọwọ́ wa wà.

Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe dá lórí Motif XF, èyí tí Yamaha gbé jáde ní ọdún 2010, àti REAPER, sọ́fítíwià ìgbohùnsílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Cockos ń ṣe. Mo yan REAPER nítorí pé ó fúyẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní ọjọ́ 60 láìsan kọ́bọ̀, dọ́là 60 sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ní Motif ES tàbí XS, tàbí ẹ̀rọ Roland tàbí Korg, yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni, bí orúkọ ojú ewé ètò wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Àṣẹ ni MIDI ń gbé, kì í gbé ìró

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni èrò pé okùn USB tí wọ́n so mọ́ Motif ni yóò gbé ìró rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀: MIDI, èdè nọ́ńbà tí àwọn ohun èlò orin fi ń rán àṣẹ sí ara wọn, ló ń gba inú okùn náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti so Prophet-600 ti ilé iṣẹ́ Sequential Circuits pọ̀ mọ́ Jupiter-6 ti Roland ní gbangba, tí títẹ ọ̀kan sì mú kí èkejì dún. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn díje ló gbà láti sọ èdè kan náà, ìyẹn MIDI. Dave Smith ti Sequential Circuits àti Ikutaro Kakehashi ti Roland, tí wọ́n wà nídìí ètò náà, gba ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ fún un ní ọdún 2013. Ìró kankan kò rìn láàárín ẹ̀rọ méjèèjì lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà ló rìn.

Bí a bá tẹ kíì kan, nọ́ńbà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù ń rán jáde: èyí àkọ́kọ́ sọ pé a tẹ kíì lórí ìkànnì báyìí (ìkànnì ni nọ́ńbà tí a fi ń ya àṣẹ ohùn kan sọ́tọ̀ sí ti òmíràn), èkejì sọ kíì tó jẹ́, ẹ̀kẹta sì sọ bí ìtẹ̀ náà ṣe le tó. Láti 0 dé 127 ni nọ́ńbà kíì àti nọ́ńbà agbára ìtẹ̀ ń lọ. Dò tó wà láàárín dùùrù ni 60. Bí a bá gbé ọwọ́ kúrò, iṣẹ́ mìíràn á tún lọ láti sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó dákẹ́. Àrokò gan-an ni: ẹni tó gbà á ló ń tú u sí ọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó rán an kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ohùn kankan nínú fi lè mú kí Motif kọrin.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí ní. Ọ̀nà àṣẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara kíbọ́ọ̀dù tí a ń tẹ̀, ó gba inú REAPER, ó sì parí sínú Motif. Ọ̀nà ìró bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Motif, ó gba inú sáńdì káàdì (ẹ̀rọ tí ń gba ìró wọ inú kọ̀ǹpútà), ó sì parí sí etí wa àti sínú REAPER. Bí nǹkan kò bá dún, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló dí. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní máa fa okùn yọ káàkiri láìmọ ohun tó ń wá.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Yàtọ̀ sí Motif àti láptọ́ọ̀pù, ẹ ó nílò kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ó máa tẹ̀, èyí tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní kọntírólà. Èyí tó ní kíì 49 tó fún orin ìjọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù dáadáa ni kí ó wá oníkíì 61 tàbí 88. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ rí i pé ihò wà fún pẹ́dà àfẹsẹ̀tẹ̀, nítorí pé ohùn dùùrù láìsí pẹ́dà kì í tẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ kọntírólà òde òní kò ní ju ihò USB kan lọ, ìyẹn sì ni kọ̀ǹpútà fi pọn dandan nínú iṣẹ́ yìí: ẹ̀rọ méjì tó ń lo USB kì í sábà lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, wọ́n nílò kọ̀ǹpútà kan láàárín wọn tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan sọ fún èkejì.

Okùn USB tí ẹ ó fi so Motif jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ onígun mẹ́rin. Ẹ má lo èyí tó gùn ju mítà 5 lọ. Ẹ tún nílò okùn jáàkì ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n ń lò fún gìtá, fún ọ̀nà ìró, pẹ̀lú sáńdì káàdì tó ní ẹnu ìgbàwọlé méjì, àti hẹdífóònù tó dáa.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ sáńdì káàdì. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ yẹra fún un nípa fífi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò gbohùngbohùn ara láptọ́ọ̀pù. Ihò yẹn, a ṣe é fún ohùn kékeré tí ń ti ẹnu gbohùngbohùn jáde. Ìró tó ń ti Motif jáde lágbára jù ú lọ fíìfíì, yóò sì máa ya bí aṣọ gbígbó. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ihò náà kì í gba apá òsì àti apá ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹwà ohùn Motif wà nínú bó ṣe ń tàn ká apá méjèèjì. Ẹni tó bá ní Yamaha MODX, tó jáde ní ọdún 2018, lè mójú kúrò lórí sáńdì káàdì, nítorí pé okùn USB rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé àṣẹ àti ìró pọ̀. Ti Motif XF kò rí bẹ́ẹ̀: àṣẹ nìkan ló ń gba USB rẹ̀.

Síso okùn, àti ètò inú Motif

Ẹ yí ohùn Motif àti ti ámúpù wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ọwọ́ kan okùn èyíkéyìí. Láti ẹnu tí wọ́n kọ L/MONO sí lẹ́yìn Motif, ẹ so okùn kan lọ sí ẹnu ìgbàwọlé 1 ti sáńdì káàdì. Láti ẹnu R, ẹ so èkejì lọ sí ẹnu ìgbàwọlé 2. Bí sáńdì káàdì yín bá ní bọ́tìnì tí ń yan láàárín gbohùngbohùn, gìtá àti láìnì, láìnì ni kí ẹ yàn.

Lórí Windows, ẹ gba dráfà USB-MIDI ti Yamaha (sọ́fítíwià kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) láti ojúlé Yamaha fúnra wọn, kí ẹ sì fi í sórí láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó so Motif mọ́ ọn. Ẹ fi dráfà ASIO (irú dráfà tí ń mú kí ìró tètè kọjá) tó bá sáńdì káàdì yín wá síbẹ̀ pẹ̀lú. Kọntírólà kì í sábà béèrè dráfà; bí ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà á dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ tan Motif, kí ẹ sì jẹ́ kó jí tán. Ẹ tẹ UTILITY, kí ẹ wá ojú ewé tí ètò MIDI wà. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó yẹ̀ wò níbẹ̀. Èkíní ni MIDI IN/OUT, ibi tí Motif ti ń yan ẹnu ọ̀nà tí yóò ti máa gbọ́ àṣẹ. Bí ó bá wà lórí MIDI, inú ihò onípíìnì márùn-ún ló ń fetí sí, ohunkóhun tí ẹ bá sì rán gba USB kò ní dé etí rẹ̀. Ẹ yí i sí USB. Bí gbogbo okùn bá wà níbi tó yẹ tí Motif ṣì dákẹ́, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí. Èkejì ni ìkànnì ìgbàṣẹ, tí wọ́n kọ Basic Receive Channel sí; ẹ fi í sí 1. Ẹ̀kẹta ni Local Control, tí mo ń bọ̀ wá bá níwájú. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ON ná. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ STORE kó lè wà nípamọ́, nítorí pé bí iná bá lọ láìtẹ̀ ẹ́, gbogbo ètò náà á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti dàgbà ju Motif lọ, bíi Yamaha DX7 tó jáde ní ọdún 1983, kò ní USB rárá. Ihò onípíìnì márùn-ún nìkan ni ẹ̀rọ náà ní, ẹ ó sì ra okùn tí ń so USB kọ̀ǹpútà mọ́ MIDI. Òfin rẹ̀ ni pé OUT ẹ̀rọ kan ló ń lọ sí IN ẹ̀rọ kejì. OUT kì í bá OUT lọ. Àmọ́ lára àwọn okùn kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, IN tí wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀ túmọ̀ sí pé inú OUT ti kíbọ́ọ̀dù ni kí a fi í bọ̀, lára òmíràn ẹ̀wẹ̀ inú IN ni. Bí kò bá dún, ẹ pa ipò ẹnu méjèèjì dà, kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Okùn MIDI kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 15 lọ.

Ọ̀nà àṣẹ nínú REAPER

Ẹ ṣí REAPER, ẹ lọ sí Options, kí ẹ tẹ Preferences. Lábẹ́ Audio, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ MIDI sí. Nínú àwọn tí ń gba àṣẹ wọlé, ẹ tan kọntírólà yín. Nínú àwọn tí ń gba àṣẹ jáde, ẹ tan Motif. Dráfà Yamaha lè fi orúkọ Motif hàn yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní nọ́ńbà 1 ni ẹnu ọ̀nà ohùn, òun ni kí ẹ tan. Ẹ má tan Motif nínú àwọn tí ń gba àṣẹ wọlé, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fẹ́ lo kíì rẹ̀.

Lábẹ́ Preferences kan náà, ní ibi Device, ẹ yan ASIO àti orúkọ sáńdì káàdì yín. Ẹ fi bọ́fà, ìyẹn ìwọ̀n ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, sí 128. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ìró ní ìgbà 48,000 láàárín sẹ́kọ́ọ̀ndì kan, bọ́fà 128 kò ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 2.7 lọ. Àwọn kan lè rò pé bọ́fà kò kan àṣẹ MIDI nítorí pé kì í ṣe ìró, ṣùgbọ́n ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni REAPER ń ṣiṣẹ́ lórí àṣẹ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní ìwọ̀n bọ́fà náà. Bí ẹ bá fi í sí 1024, ẹ ó tẹ kíì, ẹ ó sì máa dúró de Motif kó tó dáhùn.

Ẹ padà sí ojú iṣẹ́, kí ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú T láti ṣí tíráàkì tuntun, ìyẹn ìlà tí REAPER ń gba nǹkan sílẹ̀ sí. Ẹ kọ «Àṣẹ» sí i lórúkọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa rẹ̀ kó lè múra sílẹ̀, kí ẹ yan kọntírólà yín nínú Input: MIDI, pẹ̀lú gbogbo ìkànnì. Ẹ fi orúkọ kọntírólà síbẹ̀ pàtó, ẹ má ṣe yan gbogbo ẹ̀rọ MIDI lápapọ̀, torí pé bí Motif bá wà nínú wọn, àṣẹ lè máa yípo padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ẹ tan bọ́tìnì tí a fi ń gbọ́ ohun tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Route lára tíráàkì náà. Nínú fèrèsé tó bá ṣí, ẹ ó rí MIDI Hardware Output. Ẹ yan Motif níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìkànnì 1 sí i.

Ọ̀nà ìró, àti ìdánwò àkọ́kọ́

Ẹ ṣí tíráàkì kejì, kí ẹ kọ «Ìró» sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa rẹ̀, kí ẹ yan ẹnu ìgbàwọlé 1 àti 2 papọ̀ ní stereo. Bí sáńdì káàdì yín bá ní bọ́tìnì tí ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìró tààrà kó tó wọ kọ̀ǹpútà, ẹ lò ó, kí ẹ sì pa ti REAPER lórí tíráàkì yìí. Bí méjèèjì bá wà ní títàn, ẹ ó gbọ́ ohùn kan lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á sì máa tẹ̀lé èkíní bí òjìji.

Nísinsìnyí, ẹ yan ohùn dùùrù kan lórí Motif, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ tẹ dò àárín lórí kọntírólà, kíì kan ṣoṣo, kí ẹ di í mú. Ẹ má wá ohùn lójú ẹsẹ̀; ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Iná tíráàkì Àṣẹ gbọ́dọ̀ tàn bí ẹ ṣe tẹ kíì. Bí kò bá tàn, àṣẹ kò tíì dé REAPER, láàárín kọntírólà àti kọ̀ǹpútà ni ìdíwọ́ wà. Bó bá tàn, ẹ fi hẹdífóònù sínú Motif fúnra rẹ̀. Bí kò bá dún níbẹ̀, láàárín REAPER àti Motif ni ìdíwọ́ wà: ẹ wo MIDI Hardware Output, ẹ wo ìkànnì, ẹ padà sí MIDI IN/OUT nínú UTILITY. Bó bá dún nínú hẹdífóònù Motif ṣùgbọ́n tí iná tíráàkì Ìró kò mì, ọ̀nà àṣẹ ti mọ́, okùn jáàkì tàbí sáńdì káàdì ló kù. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí nímọ̀ràn pé kí ó tẹ̀lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí láìfo ọ̀kankan.

Bí ohùn náà bá dún ṣùgbọ́n tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní odindi ọ̀wọ́ ohùn mẹ́jọ kan, ẹ wo bọ́tìnì Octave lára kọntírólà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ kíì dà yín láàmú nínú èyí: dò kan náà tí Yamaha ń pè ní C3 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ń pè ní C4, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 60 níbi gbogbo.

Ohùn tó dún ní ìlọ́po méjì

Ọ̀rọ̀ Local Control ti tó sísọ wàyí. Bí Local Control bá wà ní ON, kíì Motif ń bá ohùn inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Èyí kò dí wa lọ́wọ́ bí a bá ń tẹ kọntírólà nìkan. Ṣùgbọ́n bí àwọn kíì kan lára Motif bá ṣì dára tí ẹ fẹ́ lò wọ́n, tí ẹ sì tan Motif nínú REAPER gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ wọlé, ìtẹ̀ kan á gba ọ̀nà méjì dé ibi ohùn: ó gba inú Motif tààrà, ó tún gba inú kọ̀ǹpútà padà wá. Ẹ ó gbọ́ ọ kedere lórí ohùn dùùrù, nítorí pé ó máa ń di ohùn tín-ín-rín tó ń yí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù. Agbára rẹ̀ sì ń dínkù pẹ̀lú: ohùn 128 ni Motif XF lè dá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìlọ́po yìí sì ń jẹ ìdajì rẹ̀, tí àwọn ohùn tó ń fà gùn fi ń já lójijì láàárín orin. Ẹ yí Local Control sí OFF, ohùn á padà di ẹyọ kan. Ẹ rántí dá a padà sí ON kí ẹ tó gbé Motif lọ sí ìsìn, kí atẹdùùrù má baà jókòó sídìí rẹ̀ kó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Nínú ipò Voice, ohùn kan ni Motif ń dá lórí ìkànnì kan. Ẹni tó fẹ́ kí dùùrù, béèsì àti fèrè dún pọ̀ láti inú REAPER gbọ́dọ̀ gbé Motif sí ipò Song, kó sì wọ ojú ewé MIXING. Ibẹ̀ ni ipò 16 wà, tí a lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ àti ìkànnì tirẹ̀. Ẹ fi dùùrù sí ìkànnì 1, béèsì sí 2, fèrè sí 3. Nínú REAPER, ẹ ṣí tíráàkì Àṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yí ìkànnì MIDI Hardware Output bá a mu. Bọ́tìnì pupa tíráàkì tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni kó wà ní títàn.

Ẹ kó ètò MIXING náà sínú fìláàṣì USB kí ẹ tó pa Motif, torí pé ohun tó wà nínú ipò Song máa ń pòórá bí iná bá lọ. Níbi tí NEPA ti lè mú iná láìsọ tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí èyí dúró di ìparí iṣẹ́.

A tún lè mú kí REAPER fúnra rẹ̀ yan ohùn nípa fífi àṣẹ Bank/Program Select sí ìbẹ̀rẹ̀ tíráàkì nínú MIDI Editor. Fún àkójọ ohùn PRE1 ti Motif XF, nọ́ńbà méjì ni a fi ń pè é: 63 fún MSB (nọ́ńbà àkọ́kọ́) àti 0 fún LSB (nọ́ńbà kejì). Ẹ kíyè sí i pé láti 1 dé 128 ni Motif ń ka ohùn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 0 dé 127 ni MIDI ń kà á, nítorí náà ohùn kejì lójú Motif lè jẹ́ nọ́ńbà 1 nínú sọ́fítíwià. Bí èyí bá nira fún yín, ẹ kọ orúkọ ohùn náà mọ́ orúkọ tíráàkì, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yàn án.

Gbígba àṣẹ sílẹ̀, kí a tó gba ìró

Èmi máa ń gba àṣẹ sílẹ̀ ṣáájú, tí màá sì fi ìró sílẹ̀ di ẹ̀yìn, mo sì rọ̀ yín láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa bọ́tìnì pupa tíráàkì Ìró ná, kí ẹ tẹ Record, kí ẹ sì tẹ orin yín tán. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ kíì tí kò yẹ, ẹ ṣí MIDI Editor kí ẹ yọ ọ́. Bí ìtẹ̀ kan bá le jù, ẹ fà á wálẹ̀. Bí dùùrù kò bá sì bá orin mu, ẹ yí ohùn padà lórí Motif láìtún orin tẹ̀. Ìyẹn ni èrè tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ètò yìí, ẹni tó bá sì ti jẹ ẹ́ kì í fẹ́ padà sẹ́yìn.

Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa bọ́tìnì pupa tíráàkì Àṣẹ, kí ẹ tan ti Ìró, kí ẹ dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Record. REAPER á máa rán àṣẹ sí Motif, Motif á máa dún, ìró rẹ̀ á sì máa wọ tíráàkì Ìró. Ẹ wo ìwọ̀n ìró níbi tí orin ti pariwo jù. Kí ó máa gun òkè láàárín -12 sí -6 dB, kó má ṣe fọwọ́ kan 0. Bí ohùn bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nípa pípa ẹnu àwọn yòókù, kí ẹ lè ráyè tò wọ́n nígbà tí ẹ bá ń pò wọ́n pọ̀.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Tíráàkì Àṣẹ kò ní ìró kankan nínú. Bí ẹ bá sọ orin di fáìlì láìtíì gba ìró Motif sílẹ̀, ibi tí dùùrù wà á dákẹ́ nínú fáìlì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ ọ ketekete ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá wo ìró tí ẹ gbà sún mọ́ àṣẹ tó bí i, ẹ lè rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè fà á síwájú pẹ̀lú ọwọ́, tàbí kí ẹ padà sí Preferences, níbi ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ jáde, kí ẹ sọ fún REAPER pé kó máa rán ti Motif ṣáájú ní iye mílísẹ́kọ́ọ̀ndì tí ẹ rí. Fún orin tí ìlù ń sá eré nínú rẹ̀, bíi jùjú tàbí fújì, ìyàtọ̀ náà ń hàn sí etí. Fún ohùn ègbè tó ń yọ wọlé díẹ̀díẹ̀, kò tó nǹkan.

Bí ìró bá ń kùn

Ìró kan lè máa kùn lábẹ́ orin, pàápàá nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí ṣájà tí Motif sì wà lórí iná jẹnẹrétọ̀ kan náà. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù díẹ̀. Bí ìkùn náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé iná ń yípo láàárín okùn USB àti okùn jáàkì. Ẹ lè gba ìró sílẹ̀ lórí bátìrì láptọ́ọ̀pù, tàbí kí ẹ fi àpótí DI (ẹ̀rọ kékeré tí ìró ń gba inú rẹ̀ kọjá) tó ní bọ́tìnì ìjákùn ilẹ̀ sáàárín Motif àti sáńdì káàdì. Ọ̀nà mìíràn ni láti fi okùn MIDI onípíìnì márùn-ún rọ́pò USB, nítorí pé ẹnu IN rẹ̀ ń gba àṣẹ nípasẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú ẹ̀rọ, iná kan náà kì í sì í kọjá láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì láé. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn tó ń lo FL Studio

Ọ̀nà náà kò yàtọ̀ nínú FL Studio, sọ́fítíwià orin mìíràn. Nínú Options, ní MIDI Settings, ẹ yan Motif lábẹ́ Output, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà Port kan, bíi 5. Ẹ fi plugin tó ń jẹ́ MIDI Out sí orin yín, kí ẹ fi Port 5 àti ìkànnì 1 sí i. Fún ọ̀nà ìró, ẹ lọ sí Mixer, kí ẹ yan ẹnu ìgbàwọlé sáńdì káàdì lórí ìlà kan, pẹ̀lú dráfà ASIO. Nínú àwọn ẹ̀dà FL Studio àtijọ́, ẹni tó ní Fruity Edition, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, lè rán àṣẹ, ṣùgbọ́n kò lè gba ìró sílẹ̀ nínú rẹ̀. Láti Producer Edition lọ sókè ni èyí ti ṣeé ṣe nígbà náà.

Pípa ẹ̀rọ

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tọ́jú fáìlì REAPER àti ètò Motif pẹ̀lú orúkọ kan náà sínú fìláàṣì kan, kí ẹ lè rí wọn papọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ yí ohùn wálẹ̀, ẹ pa ámúpù ṣáájú ohun gbogbo kí spíkà má baà gbá, lẹ́yìn náà ẹ pa REAPER, kí ẹ tó wá pa Motif. Ẹ yọ okùn USB láti ẹnu rẹ̀ gan-an, ẹ má fà á láti ara wáyà, nítorí pé ihò USB tó bá ti mì lẹ́yìn Motif ṣòro láti rí ẹni tó lè tún un ṣe dáadáa.